Ta Ló Já Ewé Ara Róòsì Náà?

Bébà kékeré kan ló wà lábẹ́ ife omi náà. Ó rí roboto, ó funfun, ihò kan sì wà láàárín rẹ̀ gédégédé. Ọ̀gá Yaxley fi ìka méjì mú un bí ẹni mú ìdin, ó gbé e sójú fèrèsé.

"Ìdérí ìgò oògùn nìyí," ó ní. "Ìyá Crowle, ẹ ń gbọ́ mi? Ọmọbìnrin yẹn fún un ní nǹkan mu kó tó tì í sódò."

Tabitha Crowle ń wo àyíká yàrá náà. Òun kì í ṣe ọlọ́pàá bíi Yaxley. Ọkọ rẹ̀ ni ọlọ́pàá, ọkọ náà sì ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Iṣẹ́ tí wọ́n fún opó náà ní àgọ́ ọlọ́pàá Norwich ni pé kó máa yẹ ara àwọn obìnrin tí wọ́n bá mú wò, torí pé kò yẹ kí ọkùnrin ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú tó ti fi ọdún mọ́kànlá wo ìṣẹ́po aṣọ àwọn olè, ẹ má retí kó wọ yàrá kó má rí nǹkan. Yaxley mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ránṣẹ́ pè é bí ọ̀ràn bá ta kókó, tí á sì máa ṣe bí ẹni pé ìyá náà ló tẹ̀ lé òun wá.

Yàrá tí wọ́n wà yìí, Silas Bunting ló ń gbé ibẹ̀. Ahunṣọ ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹnikẹ́ni ò sì rí i mọ́ láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n rí àkẹtẹ̀ rẹ̀ lójú odò Wensum. Ní bèbè odò níbi tí àkẹtẹ̀ náà há sí, wọ́n rí ìbọ̀wọ́ obìnrin kan, ìbọ̀wọ́ Keziah Loades, aránṣọ ilé ìyáàfin kan tó lówó. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní òun rí ọmọbìnrin náà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó ń sunkún. Wọ́n mú un. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la ni adájọ́ yóò fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀wọ̀n ńlá láti lọ jẹ́jọ́ ìpànìyàn. Ẹni tí irú ẹjọ́ yẹn bá dá lẹ́bi, okùn ni.

"Ọ̀gá," Tabitha sọ nígbà tó ṣe, "abẹ ìfárùngbọ̀n rẹ̀ dà?"

"Abẹ kẹ̀?"

"Ọṣẹ wà, àwo omi wà, abẹ ò sí. Bíbélì ò sí, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibi tó wà látẹ̀yìnwá nìyí, eruku ò dé ibẹ̀. Ṣé ẹni tí wọ́n tì sódò máa ń mú abẹ dání ni?"

"Ó lè ti gbé wọn tà. Òfì ò mówó wọlé mọ́ nílùú yìí."

Tabitha tẹ̀ síbi ife omi náà. Róòsì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, pupa, tó ti ń sorí kọ́. Igi rẹ̀ dán borokoto láti òkè délẹ̀.

"Kò ní ewé kankan," ó ní. "Kò ní ẹ̀gún."

"Ìyá Crowle, òkú là ń wá. A ò wá ẹ̀gún."

Ìyá náà mú ìwé pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó fi í sápò. Orúkọ òdòdó ló kún inú ìwé náà, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan.

*

Keziah Loades jókòó lórí pákó inú ahámọ́, ó káwọ́ bọ itan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí wọn kò tíì bá ṣe àwàdà fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú rẹ̀ ti le.

"Ẹ tún fẹ́ yẹ ara mi wò ni, mà?"

"Rárá. Ìwé yìí ni mo fẹ́ bi ọ́."

Bó ṣe rí ìwé náà ni omi lé sí i lójú. "Ti Silas nìyẹn. Irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ èmi náà. Ọjọ́ kan náà la rà á."

Ó wá rọra ṣàlàyé. Ìyáàfin tó ń bá ṣiṣẹ́ kò fẹ́ kí ọkùnrin sún mọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé rẹ̀, gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé ló sì máa ń tú. Ṣùgbọ́n ta ní máa tú òdòdó? Bí Keziah bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á já òdòdó nínú ọgbà, á fi ránṣẹ́. Silas á ṣí ìwé, á ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń pa irú àrokò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn.

"Lójúkojú ńkọ́?" Tabitha bi í.

"Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹnu mi wúwo, mà. Bí mo bá rí i, gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ á fò lọ."

"Kí ló bi ọ́ kẹ́yìn?"

"Àbúrò bàbá rẹ̀ wà ní Ọsirélíà. Ó kọ̀wé pé kó máa bọ̀, iṣẹ́ wà. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni Silas ti bi mí pé ṣé màá bá òun lọ. Ó ní kí n fèsì lọ́jọ́ Ẹtì, bí mo bá gbà, ká pàdé létí odò nírọ̀lẹ́."

"O fèsì?"

"Mo fi róòsì kan ránṣẹ́, èyí tí kò tíì là tán. Bí irú rẹ̀ bá ní ewé, tó ní ẹ̀gún, ohun tó ń sọ ni pé: ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ní ìrètí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́kàn mi."

"Ewé mélòó?"

"Márùn-ún. Ẹ̀gún mẹ́rin. Mo kà wọ́n, mà, torí mi ò fẹ́ kó ṣì mí gbọ́." Ó nu ojú. "Mo dúró létí odò títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò wá. Ọ̀gá Yaxley ní irọ́ ni mò ń pa, pé bí mo bá gbà lóòótọ́, kí ló máa mú kó má wá? Ó ní ṣe ló fẹ́ já mi sílẹ̀ lọ, ni mo bá fi ìbínú tì í. Mà, mi ò tì í. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Mo gbà fún un. Bí Silas bá wà láàyè, ìbá wá."

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ọmọ náà ò lè sẹ́ pé òun gbà. Bẹ́ẹ̀, gbígbà tó gbà yẹn gan-an ni okùn tí wọ́n fẹ́ so kọ́ ọ lọ́rùn.

"Ta ló bá ọ mú un lọ?"

"Bàbá Kett. Ilẹ̀ oko òdòdó wọn wà lẹ́yìn géètì wa. Àwọn náà ló máa ń bá wa mú gbogbo rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n."

Tabitha kò sọ fún un pé róòsì náà ti dán borokoto. Èèyàn kì í fi ìrètí tí kò tíì dúró lẹ́sẹ̀ sí ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́. Ó jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ṣí ìwé. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ róòsì, ní ìlà tí ẹnì kan ti fi èékánná ha: *Èyí tí a já ewé àti ẹ̀gún rẹ̀ dànù: kò sí ìbẹ̀rù mọ́, kò sí ìrètí mọ́.*

Ó pa ìwé dé. Àánú Silas ṣe é, ẹni tí kò rí rí láyé rẹ̀.

*

Ẹni tó kọ́kọ́ fura sí ni Dorcas Utting, onílé Silas. Obìnrin yìí ní ọmọbìnrin kan, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé ó ti ń fi ẹran tó pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ sínú àwo Silas láti ọdún tó kọjá. Tabitha bá a níbi tó ti ń fọṣọ.

"Dorcas, o fẹ́ kí Silas fẹ́ Martha ọmọ rẹ, àbí o ò fẹ́?"

"Mo fẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"O mọ̀ pé òdòdó ni òun àti Keziah fi ń sọ̀rọ̀?"

"Ta ni ò mọ̀? Àgbàlagbà ọkùnrin á gbé ìdì koríko lọ́wọ́, á máa rẹ́rìn-ín sí i. Martha mi wà níbẹ̀, ó lẹ́nu, ó létí, kò fi koríko sọ̀rọ̀."

"Ìwọ lo já ewé ara róòsì yẹn."

Dorcas ju aṣọ sínú omi, omi ta sí méjèèjì lára. "Èmi! Ẹ wò ó, Ìyá Crowle, mo lè bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ ẹni, àmọ́ mi ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ tí wọ́n rán sí ẹlòmíì. Bàbá Kett ló gbé e lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní ẹ má jẹ́ kó gún mi o. Wọ́n ní kò ní gún mi. Kò sì gún mi. Bébà kan wà lọ́rùn rẹ̀ bíi kọ́là pásítọ̀, kò jẹ́ kó wọ ife dáadáa, ni mo bá bọ́ ọ, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ife. Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo padà wọlé, Silas ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Kọ́là?"

"Kọ́là ni mo pè é. Ẹ fẹ́ bú mi sí i ni?"

Tabitha tọrọ àforíjì. Kò dùn mọ́ ọn nínú, torí pé obìnrin náà yẹ lẹ́ni tí à bá mú. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í yá ènìyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ́là yẹn kì í ṣe ohun tí onírọ́ á ronú kàn.

*

Obadiah Kett ń gbé ilé kẹta sí ti Dorcas. Òfì gba ìdajì yàrá rẹ̀, òdòdó gba ìyókù. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò ju àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ olódòdó tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ. Lọ́dọọdún wọ́n á kó òdòdó wọn jọ sílé ọtí kan, adájọ́ ẹgbẹ́ á yẹ̀ wọ́n wò, ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù á gba kẹ́tùlù bàbà. Kẹ́tùlù mẹ́ta ló tò sórí pẹpẹ Bàbá Kett. Ẹ̀kẹrin, tó ṣì ń dán gbinrin, wà lórí àga kejì, àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé.

"Ìyàwó Crowle!" Inú bàbá náà dùn débi pé ó gbàgbé láti dìde. "Wọlé wá, wá wò ó. Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbà á. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó wá kí mi."

Tabitha wo ojú fèrèsé. Òdòdó pínkì méje tò sínú ìgò, igi ọrùn wọn dán láìsí ewé kan. Lábẹ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni bébà funfun roboto wà, tó tẹ́ awẹ́ òdòdó náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ kí ojú adájọ́ lè rí i. Ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ẹ kú oríire, bàbá. Bébà ọrùn wọn yìí, ẹ̀yin lẹ gé e?"

"Ta ni ìbá gé e? Bí òdòdó bá fẹ́ lọ síwájú adájọ́, o gbọ́dọ̀ múra fún un. Wàá já ewé kúrò, wàá fi ẹ̀mú to awẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá wá fi kọ́là sí i. Òdòdó tí wọn ò múra fún, ìhòòhò ló wà."

"Róòsì Keziah ńkọ́?"

"Áà, ìyẹn!" Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ọdún yìí, koríko lọmọ yẹn ń gbé fún mi. Ewé igbó, òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà. Èmi ò kì í fọwọ́ kàn án, bó ṣe fún mi ni mo ṣe ń mú un lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì ó gbé róòsì wá! Róòsì gidi, tí kòkòrò ti jẹ ewé rẹ̀ kan. Ẹ̀mú mi wà lápò, torí ilé ìdíje ni mò ń lọ. Mo jókòó sórí òkúta, mo gé ẹ̀gún rẹ̀, mo já ewé rẹ̀, mo fi kọ́là sí i. Ṣebí wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ? Èmi fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí mo bá gbé e sórí tábìlì ẹgbẹ́, á gbapò kejì. Ó kéré tán!"

Tabitha jókòó sórí àpótí. Ó wù ú kó kí bàbá náà lẹ́ẹ̀kejì, kó sì máa lọ sílé. Ìdùnnú kan ṣoṣo tó wọ yàrá yìí látìgbà pípẹ́ nìyí, òun ló sì máa bà á jẹ́.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ so Keziah kọ́?"

"Mo gbọ́. Mo ti ní irọ́ ni. Ọmọ yẹn ò lè pa eṣinṣin."

"Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé yìí." Ó ka ìlà àkọ́kọ́ fún un, èyí tó ní ewé tó ní ẹ̀gún. Ó ka ìkejì. Ó pa ìwé dé.

Bàbá Kett kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò gọ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì lórí itan.

"Silas rò pé ọmọ náà ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

"Ẹ ò mọ̀, bàbá."

"Mi ò bèèrè náà." Ó gbójú sókè. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ọ̀gá Yaxley ò ní gbà pé ẹni tí wọ́n gbà fún lè lọ láìdúró, àfi bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó já ewé. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Kò sẹ́ni tó rí yín lórí òkúta yẹn. Bí ẹ bá ní ẹ ò fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ Dorcas àti ọ̀rọ̀ yín ni. Bí ẹ bá sì sọ ọ́, Keziah á gbọ́. Gbogbo àdúgbò á gbọ́."

Bàbá náà dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀. Orí ni fìlà wà.

*

Yaxley gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá Kett fi àgbélébùú sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dípò orúkọ. Yaxley fi ìka lu tábìlì.

"Ká ní mo gbà. Àkẹtẹ̀ wá ńkọ́?"

"Ẹ rántí afẹ́fẹ́ ọjọ́ Ẹtì," Tabitha ní. "Ta ló ń jáde nílé láìdi fìlà mú? Ẹni tó fẹ́ lọ wọ rélùwéè, orí afárá ló máa gbà. Ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹkún wà lójú. Bí afẹ́fẹ́ bá gba àkẹtẹ̀ rẹ̀ sódò, ìsàlẹ̀ ni odò ń ṣàn sí, ìsàlẹ̀ náà ni Keziah ti ń dúró dè é, tó sì já ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá, wọ́n kọ orúkọ aṣojú ọkọ̀ Ọsirélíà sínú lẹ́tà àbúrò bàbá rẹ̀, ó wà nínú àpótí tí ẹ kó ní yàrá rẹ̀. Ẹ tẹ wáyà sí i ní London."

Yaxley wo bàbá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó mú fìlà dání. Ó pe akọ̀wé kó wá kọ wáyà.

Tabitha lọ sílé. Ó se ọ̀dùnkún, ó sì tún se é bí oúnjẹ ẹni méjì, bó ti máa ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá. Ó jẹ ìdajì. Ó wò ó pé nílùú tó kún báyìí, kò sí èyí nínú òun, Keziah àti Bàbá Kett tó lẹ́nìkan tí ń dúró dè é nílé.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni èsì dé. Yaxley kà á sókè nígbà méjì: *Silas Bunting, ahunṣọ, wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, láìdé fìlà. Ọkọ̀ ṣí ní ìdájí ọjọ́ Àìkú.*

*

"Ó wà láàyè," Tabitha sọ fún un.

Keziah rẹ́rìn-ín sókè. Ó di ara ìyá náà mú, ó ń fò sókè bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀ ìyókù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Ó rò pé mo kọ òun?"

Tabitha sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kankan pamọ́. Ìgbà tí wọ́n jáde sí àgbàlá, Bàbá Kett wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, orí rẹ̀ wà níhòòhò. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Àpótí Keziah wà nílẹ̀ níwájú géètì, ìyáàfin rẹ̀ ti kó o ránṣẹ́ lánàá pé kó má padà wá mọ́.

"Èmi ni, ọmọ mi," bàbá náà ní.

Keziah dúró níwájú rẹ̀. "Mo bínú sí yín," ó ní, "mo bínú sí yín gan-an," ohùn rẹ̀ sì lọ sókè débi pé àwọn ọlọ́pàá yọjú. Bàbá Kett mi orí pé òun gbọ́. Kò bẹ̀bẹ̀.

Yaxley, tí ojú ń tì, gbé bébà àti gègé jáde. "Kọ̀wé sí i. Ọkọ̀ mìíràn á ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́rin ni yóò fi dé. Èsì á tún gba oṣù mẹ́rin."

Keziah jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó tẹ́ bébà sórí itan. Ó kọ *Silas*. Ó mú gègé dúró. Tabitha rí i bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kiri, ọmọ tó fi ọdún kan gbáko jẹ́ kí òdòdó máa bá a sọ ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ojú Silas sì ti jìnnà.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbé orí sókè.

"Mà, ọkọ̀ tó ń gbé lẹ́tà yìí, ṣé kì í gbé èèyàn ni?"

"Ó ń gbé èèyàn," Tabitha ní. "Ìjọba ń wá àwọn obìnrin tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú lọ sọ́hùn-ún. Àwọn ló ń san owó ọkọ̀ wọn."

"Mo mọ abẹ́rẹ́ dì mú."

"O ní ẹ̀rù ń bà ọ́."

"Ó ṣì ń bà mí." Ó ká bébà náà pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀, ó fi í fún Yaxley padà. "Ṣùgbọ́n màá fẹnu ara mi sọ ọ́ fún un."

Ó dìde. Kí ó tó fọwọ́ kan àpótí rẹ̀, Bàbá Kett ti gbé e lé èjìká. Keziah wò ó títí. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ gba ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Kò gbà á. Ó kọjú sí ọ̀nà rélùwéè, ó rìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹsẹ̀ àgbà lè bá tirẹ̀ dọ́gba, kò sì bá a sọ̀rọ̀.

Tabitha dúró lẹ́nu géètì títí wọ́n fi yà. Kò sẹ́ni tó rántí kí i pé ó dìgbà. Yaxley pè é láti inú ilé pé wọ́n ti mú obìnrin míì wá, ó sì wọlé lọ yẹ ara obìnrin náà wò.